Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Sàró: fún àwọn tí ìjọ fẹ́ rán lọ

Èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò kì í ṣe pásítọ̀, mi ò sì jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì rí. Ṣùgbọ́n bí ìjọ wa bá ti fẹ́ kó ènìyàn lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, fún iṣẹ́ ìhìnrere, èmi ni wọ́n máa ń fi ṣe ìyá àpò. Owó ẹgbẹ́ á wà lọ́wọ́ mi, oògùn á wà lọ́wọ́ mi, ìwé ìrìnnà gbogbo wa á sì wà nínú àpò pẹlẹbẹ tí mo ń so mọ́ abẹ́ ìró. Mo ti bá wọn lọ lẹ́ẹ̀mẹta: ní 2018, ní 2022, àti ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ìjọ kékeré kan ní Waterloo, ìlú tó wà ní ìlà oòrùn Freetown tí í ṣe olú-ìlú wọn, ló máa ń gbà wá sílé. Ènìyàn mọ́kànlá la máa ń jẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì la sì máa ń lò.

Àwọn tó kàn báyìí ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Mi ò ní kọ ti ọ̀sẹ̀ méjì. Ti ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kọ, nítorí ibẹ̀ gan-an la ti ba nǹkan jẹ́ ní 2018.

Alẹ́ ọjọ́ tí a dé, bí a ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ báyìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ti gbé gbohùngbohùn síta. A kọrin, a pàtẹ́wọ́, a gbàdúrà oníná títí aago mẹ́rin ìdájí fi kù díẹ̀. A rò pé ìtara ni. Mọ́ṣáláṣí kan wà ní ilé kejì sí ibi tí a wà, kò sì sẹ́ni tó yojú wá bú wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó ìmáàmù gbé búrẹ́dì àti tíì gbígbóná wá fún wa, ó ní kí a káàbọ̀. Pásítọ̀ tó gbà wá lálejò ń wo ilẹ̀. Ìgbà tó yá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé mùsùlùmí ni ìyá òun, mọ́ṣáláṣí yẹn náà ni màmá ń kírun. Ọ̀rọ̀ tó wá tẹ̀lé e kò pọ̀. Ó ní, "Mama, na jọs naw una kam." Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé báyìí ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ: ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe tiwa. Ti onílé ni. Kí wọ́n gbà wá ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kò sí iṣẹ́ mìíràn.

Ẹrù dídì

Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Sierra Leone, nítorí ECOWAS. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ lèèyàn lè lò. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ wà láàyè, káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń rí i pé o ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ gba abẹ́rẹ́ yẹn ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra. Àwọn tó ń ra káàdì lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo bẹ̀ yín, ara yín lẹ ń tàn jẹ.

Ẹ má lọ ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ bí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò Ògbómọ̀ṣọ́. Orí òkè ni wọ́n kọ́ Freetown sí, omi á sì máa ya bọ̀ láti òkè. Ní oṣù kẹjọ 2017, ilẹ̀ òkè kan ya lulẹ̀ ní Regent, ó sì bo ọ̀pọ̀ ilé àti ènìyàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí a lọ ní 2018, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Nínú àpò kọ̀ọ̀kan: nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn pẹ̀lú okùn àti ìṣó (ilé tí wọ́n bá fi wọ̀ yín lè má ní ibi tí ẹ máa so ó kọ́), tọ́ọ̀ṣì, sálúbàtà fún ilé ìwẹ̀, aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, oògùn ibà tí dókítà yín mọ̀, àti àpò iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wọn bá tiwa mu, ẹ má fi owó ra nǹkan mìíràn. Iná wọn náà sì máa ń lọ bí tiwa, kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Èlùbọ́ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Èmi tí mò ń tà á ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ bó bá yá.

Omi ni ẹ máa kọ́kọ́ rí

Pápákọ̀ òfurufú Lungi kò sí ní Freetown. Omi ló wà láàrin wọn, omi ńlá, ibi tí odò pàdé òkun. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, ìrìn àjò kò tíì parí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ọkọ̀ ojú omi ayára máa ń gbé èèyàn dé Aberdeen, kì í tó wákàtí kan. Ó wọ́n, dọ́là ni wọ́n sì ń sọ. Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé mọ́tò láti Tagrin lọ sí Kissy kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ẹ sì máa dúró dè é. Ọ̀nà ilẹ̀ wà tó yí omi náà po, wákàtí bí mélòó kan ni. Ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà gan-an ni kó gba ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ má dá a rò. Ẹ bi pásítọ̀ tó ń dúró dè yín pé èwo ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì gba èyí tó bá sọ, kódà bí ẹ bá mọ èyí tó yá jù. Ní 2022 ni a ṣe ọlọ́gbọ́n, a wọ ọkọ̀ ayára dé Aberdeen, àwọn onílé wa sì wà ní Kissy tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ojú wo omi. Kissy ló sún mọ́ Waterloo. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ wá, wọ́n ti se oúnjẹ dání. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi dúró ká tó rí ara wa.

Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ sì so ó dáadáa. Àgbà ìjọ kan láàrin wa ní òun kò lè wọ̀ ọ́ lórí agbádá. Mo sọ fún un pé Jónà náà wọ agbádá.

Aago ibẹ̀ fi wákàtí kan dín sí tiwa. Ó dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ ẹgbẹ́ àdúrà tó ń pè yín lórí fóònù láago márùn-ún àárọ̀ láti ilé, aago mẹ́rin ni wọ́n ń jí yín. Ẹ tètè sọ fún wọn.

Alẹ́ àkọ́kọ́: ẹ jẹun, kí ẹ sì sùn

Wọ́n máa se ìrẹsì. Mo lè fi ọjà mi búra. Ọmọ Sàró tó bá jẹ iṣu, jẹ búrẹ́dì, jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí kò bá tíì jẹ ìrẹsì, á ní òun kò tíì jẹun lónìí. Ọbẹ̀ ewé ni wọ́n máa bù lé e, plasas ni wọ́n ń pè é. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti ewé ẹ̀gẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ewé ẹ̀gẹ́. Ewé tí à ń já fún ewúrẹ́. Mo rí ojú àwọn èèyàn wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan ń fi ṣíbí wá ẹran kiri bí ẹni pé ewé á ṣí kúrò. Wọ́n máa ń gún un kúnná, wọ́n á fi epo pupa, ẹja gbígbẹ, ata, nígbà mìíràn ẹ̀pà lílọ̀ sè é, ó sì máa ń pẹ́ lórí iná. Ó dùn. Lọ́jọ́ kẹta, èmi ni mò ń bèèrè pé kí wọ́n fi kún un. Ti ewé ọ̀dùnkún náà wà, ìyẹn fúyẹ́ díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé kì í se oúnjẹ ńlá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni, ìkòkò kan, àwo ńlá kan, ọwọ́ púpọ̀. Àárọ̀ lè jẹ́ búrẹ́dì àti tíì lásán. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé e wá, ẹ jẹ ẹ́ yó. Ẹni tó bá ń fi inú pamọ́ de oúnjẹ alẹ́ lè fi ebi sùn, kò sì ní lẹ́nu láti sọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti èlùbọ́. Ní 2018, mo gbé kílò márùn-ún lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ilé ìdáná ìyàwó pásítọ̀, mo ní kó gbé ìkòkò kan fún mi, mo ro àmàlà fún àwọn èèyàn mi. Inú mi ń dùn. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí, ó ní, "So wi it nọ swit?" Oúnjẹ wa kò dùn, àbí? Mi ò mọ ibi tí màá gbé ọmọ orógùn sí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń dáná nínú ẹgbẹ́ wa kí ọjọ́ kẹta tó pé. Bó bá di ọjọ́ kẹrin, tí ìyá ilé bá fúnra rẹ̀ ní kí a fi oúnjẹ wa han òun, ìyẹn di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní 2025, òun ló ní kí n wá kọ́ òun ní ọbẹ̀ ẹ̀gúsí bí a ṣe ń sè é.

Àkàrà wà níbẹ̀, àkàrà náà ni wọ́n sì ń pè é. Ẹ bèèrè kí ẹ tó rà: ti ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ó máa ń dùn bí àkàrà òyìnbó, ti ẹ̀wà náà wà, binch ni wọ́n ń pe ẹ̀wà. Mọ́ínmọ́ín ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ìyá ìyá mi ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti kú, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé kan tó gbé igbá lẹ́bàá ọ̀nà Waterloo.

Omi inú ọ̀rá tàbí inú ike ni kí ẹ mu, òun náà ni kí ẹ fi fọ ẹnu. Omi kànga wà fún ìwẹ̀. Kí ẹ sì sùn. Kò sí ìpàdé, kò sí ìṣọ́ òru, kò sí "ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dúpẹ́." Ẹ dúpẹ́ lórí ẹní.

Ẹnu la fi ń wọlé

Krio lèdè tí gbogbo ènìyàn ń sọ láàrin Freetown àti agbègbè rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Temne àti Mende ni èdè àwọn tó pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń rò pé píjìn tiwa náà ni. Ó jọ ọ́, kì í ṣe òun. Bí a bá ń yára sọ píjìn wa fún wọn, wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ́ ìwọ̀nba yìí sórí kí ẹ tó dé. Bí etí mi ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́.

"Kabọ" ni wọ́n máa fi kí yín. Ẹ kò nílò kí n túmọ̀ rẹ̀. "Kuṣẹ" ni ìkíni fún gbogbo ìgbà. Etí tèmi ń gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" nínú rẹ̀. "Aw di bọdi?" ni pé ara ńkọ́, ìdáhùn tó sì yẹ ọmọ ìjọ ni "A tẹl Gọd tẹnki." "Duya" ni ẹ jọ̀ọ́. "Usai" ni ibo, "udat" ni ta ni. "Bọku" ni ó pọ̀. Ọmọdékùnrin ni bọbọ, ọmọdébìnrin ni titi. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wa tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Títí. Odindi ọjọ́ méjì ló fi ń bojú wẹ̀yìn ní ojú pópó.

Ti ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Mo kúnlẹ̀ kí pásítọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sáré dì mí mú, ó rò pé òòyì kọ́ mi. Àwọn máa ń bọ ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n á fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún náà mú fún àgbà, wọ́n á sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà lẹ́yìn náà. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ó tó. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìmáàmù, kí obìnrin má kọ́kọ́ na ọwọ́. Ẹ gbé tiyín lé àyà, kí ẹ sì tẹ orí ba díẹ̀.

Àti pé, kí ẹ tó bi ènìyàn ní ohunkóhun, ẹ kí i. Mo mọ̀ pé Yorùbá ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí Yorùbá tó dé òkè òkun tó gbàgbé.

Ọjọ́ kejì: ẹ lọ fi ara yín hàn

Lọ́jọ́ kejì, pásítọ̀ máa mú yín lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, hẹdman ni wọ́n ń pè é, àti sọ́dọ̀ ìmáàmù. Kí gbogbo yín lọ. Kì í ṣe olórí ẹgbẹ́ nìkan.

A kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Obì ni ti àtijọ́. Owó díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ṣẹk-an ni ti ìsinsìnyí, ìyẹn bíbọwọ́. Ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ gbé e fún pásítọ̀, òun ni yóò fi jíṣẹ́. Ẹ bi í ní iye tó yẹ. Bó bá pọ̀ jù, ó máa dá ìṣòro sílẹ̀ fún ìjọ tí ẹ máa fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Pásítọ̀ ló máa sọ̀rọ̀. Àwa á sọ orúkọ wa, ibi tí a ti wá, àti ọjọ́ tí a máa padà. Ó parí. Ọ̀rọ̀ ìhìnrere kò sí nínú àbẹ̀wò yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ní 2022, ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka Jòhánù orí kẹta ní ààfin hẹdman, mo fún un ní ìgúnpá.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà, àmọ́ ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú krìstẹ́nì. Ẹ máa rí ọkọ tó ń kírun, ìyàwó tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìpàdé ìjọba, àdúrà krìstẹ́nì àti ti mùsùlùmí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí àga níbẹ̀ tó ń bú Ànábì, ìyá ẹnì kan nínú ìjọ ló ń bú.

Owó, àti ẹnu tó ń ṣèlérí

Náírà kò ní ṣe yín ní oore púpọ̀. Ẹ gbé dọ́là tó mọ́, tí kò ya, tí kò ní àmì bírò. Leone ni owó wọn. Ní oṣù keje 2022, wọ́n yọ òdo mẹ́ta kúrò lára rẹ̀, 1,000 àtijọ́ sì di 1. Ẹnu àwọn ọlọ́jà kò tíì yọ òdo náà kúrò. Ìyá alátẹ á ní máńgòrò òun jẹ́ "twẹnti tauzin", ogún leone lásán ló ń wí, dọ́là kan kò sì jìnnà sí leone 22 nígbà tí mo lọ kẹ́yìn. Arákùnrin wa kan ti bínú kúrò nídìí àtẹ kó tó yé e.

Èèyàn méjì ló ń pa owó mọ́ nínú ẹgbẹ́ wa, èmi àti ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn án bẹ́ẹ̀. Lálaalẹ́, a máa ń ka ohun tó kù, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Síìmù kan tó fún ẹgbẹ́: Orange tàbí Africell, ìwé ìrìnnà ni wọ́n máa fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo ló kàn. Ẹ má ṣèlérí ohunkóhun láàrin ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ohunkóhun. Ní 2018, lọ́jọ́ kejì, àgbà kan nínú wa wo bí àwọn ọmọdé ṣe ń pọn omi láti ibi jíjìn, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó dìde láàrin ìjọ, ó ní a máa gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó. Nígbà tí a délé, ìjọ ò lówó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kú sínú ìpàdé. Nígbà tí a padà ní 2022, pásítọ̀ mú wa gba ẹ̀yìn ilé-ìjọ. Wọ́n ti ṣán koríko ibẹ̀. Wọ́n ti fi òkúta yí ibi tí kànga náà yóò wà ká, òkúta tí àwọn obìnrin fi orí rù wá láti òkè. Wọ́n ti tọ́jú ibẹ̀ dè wá fún ọdún mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú òkúta náà torí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́.

Bí àánú bá ṣe yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ gbé e padà wálé. Ẹ má fún ọmọdé ní owó lójú ọ̀nà, ẹ má sì ya fọ́tò ilé ènìyàn láti fi ránṣẹ́ sí wọn ní ìjọ kí wọ́n lè rí bí nǹkan ṣe le tó. Ẹ̀yin náà kò ní fẹ́ kí àlejò ya fọ́tò ẹ̀yìnkùlé yín.

Ọjọ́ kẹta: ìjà á bẹ́ sílẹ̀

Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kẹta ni àárẹ̀ máa ń jáde. Ẹnì kan á ní ẹnì kan ló lo omi ìwẹ̀ òun. Ẹnì kan á ní kí ni a wá jókòó ṣe, ṣé oúnjẹ la wá jẹ ni? Akọrin méjì kò ní kí ara wọn. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ẹ má lé ohunkóhun jáde. Oorun ni, àti ooru, àti inú tó dì. Mo máa ń fún wọn ní omi àti iyọ̀ àpò yẹn, mo sì máa ń kó wọn jáde lọ sí Freetown.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ mú wọn lọ ni ìdí igi àràbà tó wà láàrin ìlú. Ní 2018 àti 2022, igi náà dúró, ó ga ju ilé ẹjọ́ lọ. Ìjì wó o ní oṣù karùn-ún 2023. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní 2025, kùkùté ló kù. Lẹ́yìn náà, a ó lọ sí Cline Town, níbi tí àwókù ilé òkúta àtijọ́ ti Fourah Bay College wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń sọ ìtàn.

Ẹni tó bá ń lọ sí Sàró láti ilẹ̀ Yorùbá tó rò pé òun ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ, kó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ti Àjàyí Crowther. Ọmọ Òsogùn ni, nítòsí Ìsẹ́yìn. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n sì tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun ní 1822, wọ́n sì já a sílẹ̀ ní Freetown. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi ní 1825, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1827. Láti ibẹ̀ ló ti bá àwọn míṣọ́nnárì wá sí Àgbádárìgì ní 1845, tó sì wọ Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tó ti rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Òun kọ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n já sílẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ń pè ní Àkú, nítorí "ẹ kú" tí kò kúrò lẹ́nu wọn. Àwọn tó padà wálé ni a ń pè ní Sàró. Láti ọwọ́ wọn ni Bíbélì fi dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa. Àwọn ló kọ́kọ́ rán ènìyàn sí wa.

Bí mo bá ti sọ èyí tán nídìí ògiri yẹn, àwọn akọrin méjì náà máa ń dákẹ́. Nígbà tí a bá ń padà nínú poda-poda, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, wọ́n á ti máa pín ẹ̀pà jẹ.

Ẹ lè bá awujọ pàdé láàrin ọjọ́ wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ náà jọ àwùjọ tiwa, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ẹbí ń se fún òkú wọn, pàápàá ní ogójì ọjọ́, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Krìstẹ́nì Krio ń ṣe é, ẹ̀wà, àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti dòdò á sì pọ̀ níbẹ̀. Ní 2022, aládùúgbò wa ń ṣe ti bàbá rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pè wá. Ìdajì ẹgbẹ́ ní ìbọ̀rìṣà ni, wọn kò lọ. Àwọn kan fẹ́ lọ wàásù níbẹ̀. Mo bi pásítọ̀. Ó ní ẹ wá kí ọlọ́fọ̀, ẹ jẹ ohun tí wọ́n sè fún alààyè, bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé ti òkú, màá ṣẹ́jú sí yín. A lọ, a kí wọn, a jẹun. Ó ṣẹ́jú, a dìde. Èmi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí gbogbo ìjọ ṣe é. Mo ń sọ pé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni kí ẹ bi, kì í ṣe ẹni tó ń pè yín láti ilé.

Ọjọ́ kẹrin

Ní 2025, a kò fọwọ́ kan gbohùngbohùn. Ó wà nínú àpótí rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, pásítọ̀ kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Mama, usai di mashin?" Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde sí gbàgede. Àga kò tó. Ọmọ ìmáàmù méjì gbé àga oníke ogún wá láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n tò ó sílẹ̀ fún wa, wọ́n sì ní bàbá àwọn ní kí a dúró díẹ̀, kí àwọn kírun ìrọ̀lẹ́ tán kí a tó tan ẹ̀rọ. A jókòó sórí àga wọn, a dúró.